Sìdíkàt Onítìróò àti Ọdún Àpólò

Ojú mẹ́ta péré ni ọ̀pá tìróò Sìdíkàt kò tíì kàn ní gbogbo Aké nígbà náà: ojú abẹ́rẹ́, ojú ọ̀run, àti ojú Ògúnníyì oní-fótò. Ojú abẹ́rẹ́ ti kéré jù. Ojú ọ̀run ti ga jù. Ògúnníyì ní tirẹ̀ ní ojú òun ni òun fi ń jẹun, òun kò ní jókòó kí ẹnikẹ́ni máa ki igi bọ̀ ọ́.

Yàtọ̀ sí àwọn mẹ́ta yìí, kò sí ẹni tó bọ́. Bó bá ti di àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Sìdíkàt á tẹ́ ẹní síwájú ilé, á fẹ̀yìn ti ògiri, á gbé àdó tìróò lé itan, àwọn ènìyàn á sì tò lọ rẹrẹ bí ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ Mẹ́kà. Ọmọdé, àgbà, ìyàwó ilé, oníṣòwò tó ń lọ kírun, gbogbo wọn á gbójú sókè. Sìdíkàt á ti ọ̀pá bọ inú àdó, á ní, "Bìsìmílláì," á fà á wọ́ọ́ lójú ọ̀tún, á fà á wọ́ọ́ lójú òsì, á sì ṣàdúrà kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú náà rí ohun tí yóò pa á lẹ́kún. Ó yá, ẹlòmíràn. Ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé ewúrẹ́ kan tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ ní Jímọ̀ kan ti délé tán kí ó tó mọ̀ pé wọ́n ti lé tìróò fún òun. Ewúrẹ́ náà kò bínú. Òbúkọ mẹ́ta ló jà nítorí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Opó ni Sìdíkàt, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ó ń ta tìróò àti làálì lórí tábìlì kékeré kan lọ́jà Ìtọ̀kú. Ti ọjà yàtọ̀. Ti Jímọ̀, sàráà ni. Ọ̀pá tó fi ń ṣe é, fàdákà ni, kò gùn ju ìka àárín lọ. Ìyá ìyá rẹ̀ ló gbé e bọ̀ láti Mẹ́kà láyé ìgbà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn ín. Ọdún méje ni ìyá náà fi lọ. Mẹ́sàn-án ló fi bọ̀, nítorí ó ń dúró lé tìróò fún àwọn ará ọ̀nà.

Láti ìgbà náà ni ilé wọn kì í ti í so yìgì láìlo ọ̀pá yìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ yìgì, ìyá ìyàwó á fi í lé tìróò fún ìyàwó, á kọjá sọ́dọ̀ ìyá ọkọ, á wá fi í yí gbogbo obìnrin ìdílé méjèèjì ká, ọ̀pá kan, àdó kan, kí àwọn àna lè máa fi ojú kan wo ara wọn títí ayé. Sìdíkàt ti ń retí tirẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, nítorí ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Bùsírátù nìyẹn, yìgì Bùsírátù náà sì ti dé tán. Sàlàhúdíìnì, ọmọ Owódé, ló fẹ́ ẹ. Ọmọkùnrin yìí ti ríṣẹ́ sí Kàdúná, Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé yìgì ni yóò sì gbéra. Bí wọ́n bá so yìgì lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n dá, òun àti ìyàwó rẹ̀ ni yóò jọ wọ ọkọ̀. Bí wọn kò bá so ó, òun nìkan ni yóò lọ. Sìdíkàt sì mọ̀ pé ọ̀nà Kàdúná jìn, àti pé àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ mọ tìróò lé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí Àpólò fi wọ̀lú.

Àwọn àgbà ní ìgbà tí òyìnbó gbé ọkọ̀ Àpólò lọ sínú òṣùpá ni wọ́n ru eruku ibẹ̀ sókè, eruku náà ló ń bọ́ sáyé díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ náà, tó ń kó sí ọmọ ènìyàn lójú. Ẹni tó bá mú á fi ojú ara rẹ̀ sùn, á fi ojú ẹlòmíràn jí. Ìpin á ti lẹ ìpéǹpéjú méjèèjì pọ̀ bí àtè. Bí wọ́n bá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tú u, ẹyinjú á ti pọ́n bí ata rodo, á máa yún, á máa ta, omi á máa dà, á sì dà bí ẹni pé wọ́n kó gbogbo iyanrìn etí odò Ògùn síbẹ̀ láìṣa òkúta inú rẹ̀.

Ní ti bó ṣe ń ràn, kò sí àríyànjiyàn nílùú: wíwò ni. Bí o bá ti wo ojú alápólò, tìrẹ ti parí. Ṣebí ojú lọ̀rọ̀ wà. Nítorí náà, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo Abẹ́òkúta kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ní Ìtọ̀kú, ẹni tó ń rà á kọjú sí òkè Olúmọ, ẹni tó ń tà á kọjú sí ibòmíràn, wọ́n á máa ná àdìrẹ ní ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn. Ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀, àwọn akọ̀wé wọ awò dúdú débi pé wọ́n á kí ènìyàn lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó mọ̀ pé ògiri làwọn ń kí. Tọkọtaya ń bára wọn sọ̀rọ̀ láti yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìjà ilé sì dínkù ní Aké ju bó ṣe wà láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó. Àwọn kan ń fi omi iyọ̀ wẹ ojú, àwọn kan ń fi omi ṣúgà, àwọn kan ń fi omi ọmú. Àwọn kan ń fi ìtọ̀; a kò bi wọ́n pé ìtọ̀ ta ni.

Bí wọ́n sì ti kọ ẹ̀yìn síra wọn tó, ọmọlúàbí ni wọ́n ṣáà. Wọ́n á na ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́ dáadáa, kálukú á wá fi ọwọ́ náà nu ojú, á máa lọ.

Sìdíkàt kò bẹ̀rù. Ó ní ojú tí tìróò bá ti pààlà sí, Àpólò á dé ẹnu ààlà, á rò ó wò, á padà. Nítorí náà kò tún dúró de Jímọ̀ mọ́. Àràárọ̀ ló ń gbé ọ̀pá àti àdó, tó ń ti ilé dé ilé bí agbowó-orí, bìsìmílláì níhìn-ín, bìsìmílláì lọ́hùn-ún. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó lé e fún un kó lè san. Ẹni tí tirẹ̀ funfun, ó lé e fún un kó má bàa pọ́n. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lé e ni Àpólò ń gbilẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà, Mọ́níkẹ́ aláró, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń gbé ilé tó dojú kọ tirẹ̀, tó máa ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ ya àwòrán sára aṣọ funfun kó tó rì í sínú aró. Àpólò ti mú òun, ó sì ti san. Lọ́jọ́ kan ó pè é látorí aṣọ tó ń yà.

"Sìdí, o lé tìróò fún gbogbo ilé Láwàlì níjẹta."

"Mo lé e."

"Lónìí, gbogbo ilé Láwàlì ló ń fọwọ́ wá ilẹ̀kùn."

"Wọ́n ti wo ojú ara wọn ni."

"Àwọn mẹ́tàdínlógún?"

"Ilé náà kéré, Mọ́níkẹ́. Ibo ni kí wọ́n kọjú sí?"

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́tàlá kí wọ́n so yìgì, ní àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, Bùsírátù jókòó sórí ẹní, ó ń yí orí kiri.

"Màámi, ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni?"

Oòrùn ti wọlé dé ibi ẹsẹ̀ rẹ̀. Sìdíkàt wo ọmọ rẹ̀, ojú méjèèjì lẹ̀ pọ̀ bí ìwé tí ìjọba kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà. Ní ọjọ́ kejì, ojú Sìdíkàt náà pọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì Owódé kan dúró níwájú ilé, tó kọ ẹ̀yìn sí wọn, tó ń jíṣẹ́ fún igi mángòrò òdìkejì títì.

"Ẹ̀yin ará ilé Onítìróò, Ìyá Sàlàhú ní kí n kí yín. Ó ní ẹ kú ojú. Ó ní àwọn ti gbọ́. Ó ní kí ẹ jẹ́ ká sún yìgì síwájú, ó di ìgbà tí Sàlàhú bá wálé láti Kàdúná."

"Ìgbà wo nìyẹn?" Sìdíkàt bi í.

"Kò sọ ọdún tó jẹ́, Ìyá."

Bùsírátù wọ yàrá lọ. Ẹkún tó sun lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára omi Àpólò.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, Sìdíkàt gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí lọ bá Ààfáà Jùbrílù pé kó bá òun fi ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà. Àrùn olóde ti gba ojú Ààfáà láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ó sì ti sún mọ́ ọgọ́ta ọdún báyìí. Síbẹ̀ kò sí lẹ́tà kan nínú Kùránì tí ọmọ kéú rẹ̀ lè fò kó má mọ̀. Gbogbo Jímọ̀ ni Sìdíkàt máa ń lé tìróò fún un, nítorí ó ní ojú tí kò ríran pàápàá yẹ kó lẹ́wà.

Ó kúnlẹ̀, ó kí i, ó gbójú sókè, ó sì rí i. Ìpéǹpéjú Ààfáà wú bí àkàrà, ó pọ́n, omi ń gba ibẹ̀ wọ inú irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ààfáà, ta lẹ wò?"

"Kí lo wí?"

"Àpólò ti mú yín. Ojú ta lẹ wò tí ẹ fi kó o?"

Ejìká Ààfáà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi òpó mú, títí àwọn ọmọ kéú fi gbé wàláà wọn kalẹ̀, títí àwọn tó ń ṣe àlùwàlá fi wá yọjú pé kí ló dé.

"Sìdíkàt," ó ní, nígbà tó rí èémí fà, "ohun tí mo rí kẹ́yìn láyé yìí ni àkùkọ bàbá mi. Ó tó àádọ́ta ọdún. Bó bá jẹ́ ojú àkùkọ yẹn ni mo ti kó Àpólò, a jẹ́ pé ó pẹ́ lọ́nà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Sìdíkàt. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń yí lórí rẹ̀ bí ọmọ ọlọ. Ẹni tí kò wo ẹnikẹ́ni ti kó Àpólò. Ta ló ń fọwọ́ kan ojú Ààfáà? Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ kéú kò tó bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló ń kan ojú náà, ohun náà sì wà nínú ìṣẹ́po aṣọ Sìdíkàt nísinsìnyí, ó ń gún un nínú ikùn.

Kò dúró gba àdúrà. Ó gba ọ̀dọ̀ Ògúnníyì lọ tààrà. Ọmọkùnrin yìí ló yẹ kí Àpólò kọ́kọ́ fọ́ lójú tó bá jẹ́ pé wíwò ló ń ràn án, nítorí wíwò niṣẹ́ rẹ̀. Èrò sì kún ibẹ̀ dé títì, gbogbo wọn lójú pípọ́n. Fótò Ògúnníyì, dúdú àti funfun ni, Àpólò kì í hàn nínú rẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ya fótò, kí wọ́n lè rí ojú ara wọn bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

"Ògúnníyì, wò mí."

"Mo ń wò yín, Ìyá Bùsírá. Tiyín ti pọ́n dáadáa."

Ojú tirẹ̀ funfun bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já.

"Ojú pupa mélòó lo ti wò lóṣù yìí?"

"Ó á tó irínwó. Mo máa ń sún mọ́ wọn gan-an, ẹ̀rọ mi ti dàgbà."

"Kí lò ń fi sójú?"

"Kò sí. Iṣẹ́ kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan ojú. Omi oògùn tí mo fi ń fọ fótò a máa ta ènìyàn, ọṣẹ kì í kúrò lọ́wọ́ mi látàárọ̀ ṣúlẹ̀."

Sìdíkàt rántí ojú mẹ́ta tí ọ̀pá òun kò tíì kàn. Abẹ́rẹ́ kò ní Àpólò. Ọ̀run kò ní in. Ògúnníyì kò ní in.

Nígbà tó dé ilé ìtọ́jú kékeré tí Nọ́ọ̀sì Harriet wà, ohùn rẹ̀ ti wá sílẹ̀ gan-an. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni Harriet, àwọn ènìyàn ní ó lè fi ojú lásán gún abẹ́rẹ́ fún ọmọdé.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń fa Àpólò?"

"Kòkòrò àìfojúrí ni. Inú omi ojú àti inú ìpin ló ń gbé. Kò lẹ́sẹ̀, kò níyẹ̀ẹ́, kò lè fò láti ojú kan bọ́ sí òmíràn bó ti wù kí ẹ wo ara yín tó. Ohun tó bá gbé e ló ń bá lọ. Ọwọ́ ń gbé e. Tọ́wẹ̀lì ń gbé e. Ìrọ̀rí ń gbé e."

"Ọ̀pá ńkọ́?"

"Ọ̀pá wo?"

Sìdíkàt tú ìṣẹ́po aṣọ, ó gbé e jáde. Nọ́ọ̀sì wò ó láìfọwọ́ kàn án. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ojú mélòó lèyí ń kàn lóòjọ́, Ìyá?"

"Ọjọ́ lásán ni, àbí Jímọ̀?"

Harriet jókòó. "Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń wá ẹni tó ń gbé àrùn yìí rin Aké ní ojúlé dé ojúlé. Mo rò pé bọ́ọ̀sì ló wọ̀."

Ó wá ṣàlàyé fún un ní sùúrù. Kò sí ohun tí wọ́n á fi sínú ojú náà, ì bá à jẹ́ iyọ̀, ì bá à jẹ́ ṣúgà. Omi tí wọ́n sè tó ti tutù ni kí wọ́n fi nu ìpin, kálukú pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀, kí wọ́n fọ ọwọ́ lọ́ṣẹ ṣáájú àti lẹ́yìn. Kí wọ́n má ha ojú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, yóò bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ojú bá ń dùn gidigidi, tàbí tí kò ríran dáadáa, kó wá bá òun.

"Tìróò fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ má jẹ́ ká dé orí ìyẹn lónìí, Ìyá, ìjà la máa jà. Ọ̀pá ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀."

Lójú ọ̀nà ilé, Sìdíkàt rìn bí ẹni tó ru omi. Ènìyàn méjì péré ló mọ̀, òun àti Nọ́ọ̀sì, Nọ́ọ̀sì kò sì lẹ́nu òfófó. Ó lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá dákẹ́, ìyá ọkọ Bùsírátù á máa gbà pé wíwò ni, yìgì á sì lọ sí ọdún tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Bó bá sì sọ pé kì í ṣe wíwò, wọ́n á bi í pé kí ni nígbà náà. Ìgbà náà ni ẹni tí wọ́n ń pè ní Onítìróò láti ọgbọ̀n ọdún á di Alápólò. Ó dúró lábẹ́ igi mángòrò, ó rò ó títí. Ó rí Bùsírátù lójú fèrèsé, tó ń wo títì Owódé láìmọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Ó lọ pe Mọ́níkẹ́.

Mọ́níkẹ́ gbọ́ ọ dópin. Ó gbé ìyẹ́ kalẹ̀. "O ṣe mí ní Àpólò, Sìdí."

"Mo ṣe é."

"Ọjọ́ méje ni mi ò fi ríṣẹ́ ṣe."

"Má bínú."

"Mi ò bínú. Màá máa rán ẹ létí ni, títí o fi máa kú."

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn mẹ́ta wọ bọ́ọ̀sì Owódé: Sìdíkàt, Mọ́níkẹ́, àti Ààfáà Jùbrílù tó ní òun gbọ́dọ̀ lọ jẹ́rìí. Nígbà tí àwọn èrò rí ojú pípọ́n mẹ́rin tó ń wọlé, wọ́n sá sí ìjókòó ẹ̀yìn, méjìlá gun ara wọn lórí bí iṣu inú àká, àwọn mẹ́ta sì na ẹsẹ̀ ní iwájú bí olóyè.

Obìnrin tó sanra, tó lóhùn, ni Kùdírátù, ìyá Sàlàhúdíìnì. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, ó ti yí àga rẹ̀ sí ògiri.

"Ẹ káàbọ̀, àna mi. Ẹ má bínú pé ẹ̀yìn ni mo fi ń kí yín."

"Ẹ̀yìn náà dára," Mọ́níkẹ́ dáhùn. "Ó gbòòrò ju iwájú ẹlòmíràn lọ."

Sìdíkàt kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn àga náà. "Ìyá Sàlàhú, Àpólò kì í ràn nípa wíwò. Èmi ni mo kó o ran àwọn ará Aké. Ọ̀pá tìróò mi ni. Mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n èmi ni."

Àga náà kò mì. "Ta ló lè jẹ́rìí sí i pé kì í ṣe wíwò?"

"Èmi," Ààfáà wí. "Ó mú mi, mi ò sì wo ẹnikẹ́ni."

"Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ẹ kò wò?"

"Ìyá Sàlàhú, afọ́jú ni mí."

Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn Kùdírátù, ó ń gòkè bọ̀ bí omi tó fẹ́ hó. Ẹ̀rín ni. Ó rín in títí àga fi dún kẹ̀kẹ̀, kí ó sì tó mọ̀, ó ti yí padà láti wo ọkùnrin tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wo Ààfáà. Ó wo Sìdíkàt. Ó rántí, ó fọwọ́ bo ojú, ó tún sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Mo ti wò yín ná. Ẹ jẹ́ kí n kúkú wò ó yó. Lónìí Ọjọ́bọ̀. Kò ní sí ọwọ́ bíbọ̀, ẹ kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan nílé yìí. Bí ojú mi bá funfun títí di Ìṣẹ́gun, yìgì dúró bó ṣe wà. Bó bá pọ́n, ẹ gbàgbé ọmọ mi."

Ó gbé àga síwájú Sìdíkàt, ó jìnnà sí i níwọ̀nba, ó sì tẹjú mọ́ ọn. Láti ìgbà tí wọ́n kírun Àìlà títí di Alásárì, àwọn àna méjì yìí wo ara wọn. Ẹnu kò sì lè dákẹ́ nígbà tí ojú ń ṣiṣẹ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ, wọ́n sọ̀rọ̀ ọkọ tó kú àti èyí tó yẹ kó kú. Kùdírátù rí i pé Sìdíkàt ní àpá kékeré kan lẹ́bàá ojú, ó sì béèrè ìtàn rẹ̀. Sìdíkàt rí i pé ojú òsì Kùdírátù máa ń kéré bó bá ń purọ́, ó sì fi ìyẹn sínú.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Sìdíkàt dúró níwájú mọ́ṣáláṣí, ó sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ó ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, ìka òun rèé. Láwàlì, oníṣòwò aṣọ, olórí ilé ènìyàn mẹ́tàdínlógún, tún fìlà dé, ó sì dìde.

"Sìdíkàt," ó ní, "ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ ẹ̀yìn sí ìyàwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mi ò tíì gbádùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Kí Ọlọ́run san án fún ẹ."

"A gbọ́ o, Bàbá," ohùn mẹ́ta dáhùn láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin.

Ẹ̀rín bú sáfẹ́fẹ́, ẹ̀rín ló sì gba Sìdíkàt là. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n jó tọ́wẹ̀lì kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, tí gbogbo ìjọ fi ń nu ojú láti ọdún wo. Wọ́n ní ó ti gbó débi pé ó lè dá dúró. Ọṣẹ tán lọ́jà Ìtọ̀kú. Ilé tó bá ní ènìyàn mẹ́wàá, aṣọ ìnujú mẹ́wàá ló ń fẹ́ lórí okùn, àlejò á rò pé àsíá ogun ni wọ́n ta.

Nígbà tó di Ìṣẹ́gun, awakọ̀ bọ́ọ̀sì Owódé padà dé. Ó kọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó rántí, ó yí padà.

"Ìyá Sàlàhú ní kí n sọ fún yín pé ojú òun funfun kedere. Ó ní kí ẹ máa múra."

Ojú Bùsírátù náà ti ń mọ́. Ṣùgbọ́n wàhálà kan kù: àṣà ilé. Obìnrin mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ń bọ̀ láti ìdílé méjèèjì, ọ̀pá kan sì ti di èèwọ̀.

"Ìyẹ́," Mọ́níkẹ́ wí. "Ọ̀pá ìyẹ́ adìẹ. Mo ń fi ya ojú ẹja sára àdìrẹ. Kálukú á mú tirẹ̀."

Wọ́n wá ìyẹ́ títí. Ti Mọ́níkẹ́ kò tó mẹ́wàá, ó sì ti gbó. Ni wọ́n bá dojú kọ àwọn adìẹ Aké. Láàárín Ọjọ́rú sí Jímọ̀, kò sí adìẹ tó lè sọdá títì pẹ̀lú ìrù. Wọ́n se ìyẹ́ náà nínú omi híhó, wọ́n gé orí ọ̀pá rẹ̀, wọ́n fi òkúta dán an títí ó fi jọ̀lọ̀. Sìdíkàt wọn tìróò sínú ìwé pélébé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, kí ẹnikẹ́ni má bàa ki ọ̀pá bọ àdó tí ẹlòmíràn ń lò.

Ní àárọ̀ Sátidé, àwọn obìnrin Owódé àti ti Aké jókòó lórí ẹní ní àgbàlá, kálukú pẹ̀lú ìyẹ́ tirẹ̀ àti ìwé tirẹ̀. Sìdíkàt dúró láàárín. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ó sì ń yún un. Ó ní, "Bìsìmílláì," ọ̀pá ìyẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta sì fà wọ́ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ṣe fà á dé etí.

"Ọ̀pá kò yí wa ká, Ìyá Sàlàhú," Sìdíkàt wí, ara rẹ̀ kò sì tíì balẹ̀ tán. "Ẹ má fi ojú ọ̀tọ̀ wò wá o."

"Ojú wo ló kù tí mo fẹ́ fi wò yín?" Kùdírátù dáhùn. "Mo ti lo gbogbo rẹ̀ ní Owódé."

Wọ́n so yìgì náà kí oòrùn tó mú. Ààfáà Jùbrílù ló ṣàdúrà. Ọ̀pá fàdákà, tí wọ́n ti sè bí iṣu, bọ́ sọ́wọ́ Bùsírátù, pẹ̀lú àṣẹ pé ojú tirẹ̀ nìkan ni kó mọ̀ ní Kàdúná, ì bá à ṣe ọkọ rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́.

Ògúnníyì ya fótò kan lọ́jọ́ náà, ó ṣì wà lára ògiri ilé Sìdíkàt. Ojú gbogbo àwọn àna là kedere, tìróò yí wọn ká, wọ́n ń wo ara wọn dípò kí wọ́n wo ẹ̀rọ. Nísàlẹ̀ pátápátá, níwájú ẹsẹ̀ Ààfáà, àkùkọ Láwàlì dúró ní ìhòòhò goloto, ó gbé orí sókè bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ láti bi ìyàwó.

"Kí ló wà níwájú mi tó ń mí?" Ààfáà béèrè nígbà tí wọ́n ń yà á lọ́wọ́.

"Àkùkọ ni, Ààfáà."

"Ṣé ó lójú?"

"Ojú nìkan ló kù fún un."

Ààfáà gba ìyẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ Sìdíkàt, ó fi í pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ wò bó ṣe rọ̀ tó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.